Dùùrù Dáfídì àti Ariwo Ìkẹjà: Ẹ̀kọ́ lórí Orin tí Kò Ní Ọ̀rọ̀



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹnì kan ti ibi iṣẹ́ òru dé. Orí ń fọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ nítorí owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ kan tí ó jẹ́ ohùn fèrè tàbí ti dùùrù nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ sí. Láìpẹ́, ara rẹ̀ rọ̀, èémí rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí ó ṣe yìí tọ́? Àwọn kan yóò ní àdúrà ni ó yẹ kí ó máa gbà. Àwọn mìíràn yóò ní orin tí kò dárúkọ Ọlọ́run kò lè ṣe ọmọ Ọlọ́run ní àǹfààní kankan. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ìwé Mímọ́ wí, ohun tí Ìjọ Mímọ́ fi ń kọ́ni, àti ohun tí ojú ń rí ní àdúgbò wa yìí.

ARIWO TÍ Ó YÍ WA KÁ

Àdúgbò wa kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó àti oko obì ni a fi mọ Agége, ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ní 1962, ilé ìpọntí Guinness bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ, táyà, oògùn àti oúnjẹ pẹ̀lú kóra jọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú gbogbo wá, wọ́n gba yàrá ní Agége àti ní Múṣín, wọ́n sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ.

Ìdààmú kò ṣàìbá iṣẹ́ náà wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Nígbà tí ó di ọdún 2008, Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni ó ti ilẹ̀kùn. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ṣẹ́ kù, ẹ̀rù kí a má dá òun dúró ń ba ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹ fi ariwo ẹ̀rọ amúnáwá kún un, àti fèrè ọkọ̀ dánfó, àti gbohùngbohùn tí kì í sùn lóru, ẹ ó rí i pé etí ọmọ àdúgbò yìí kì í sábà sinmi.

Ṣùgbọ́n ariwo tí ó burú jù ni èyí tí ó wà nínú. Ẹni tí ó ti fi wákàtí méjìlá dúró ti ẹ̀rọ lè jáde kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì bá a délé nínú orí rẹ̀. Ọmọ kékeré béèrè owó bisikíìtì, bàbá fọ́ ọ létí. Ìyàwó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, èsì líle ni ó gbà. Nígbà náà ni ìdààmú ibi iṣẹ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ilé. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ìbàlẹ̀ ọkàn kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán: àlàáfíà ilé àwọn ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ ọn.

SỌ́Ọ̀LÙ ÀTI ÈLÍṢÀ

Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 16, a kà nípa Ọba Sọ́ọ̀lù tí ẹ̀mí búburú ń yọ lẹ́nu. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kò ní kí ó lọ jagun, wọn kò sì ní kí ó mu ọtí. Wọ́n ní kí ó wá ẹni tí ó mọ dùùrù ta. Wọ́n mú Dáfídì, ọmọ Jésè, wá. Nígbàkúùgbà tí ìdààmú náà bá dé, Dáfídì a fi ọwọ́ rẹ̀ ta dùùrù, ara a sì tu Sọ́ọ̀lù. Ẹ kíyè sí i pé Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa pé Dáfídì kọ ọ̀rọ̀ kankan ní wákàtí yẹn. Ọwọ́ àti okùn dùùrù nìkan ni a dárúkọ. Dáfídì tí ó kọ Sáàmù kò ṣàìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó wà níwájú rẹ̀ kò tíì lè gba ọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a parí ìtàn náà síbẹ̀. Ní orí 18, Dáfídì tún ń ta dùùrù bí ó ti máa ń ṣe, Sọ́ọ̀lù sì sọ ọ̀kọ̀ lù ú kí ó lè gún un mọ́ ògiri. Dùùrù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Kí ni ó yí padà? Owú ti gbilẹ̀ nínú ọkàn ọba nítorí pé àwọn obìnrin kọrin yin Dáfídì jù ú lọ. Orin tu Sọ́ọ̀lù lára nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lo ìtura náà láti wẹ ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó gba oògùn, kò tọ́jú egbò.

Ẹ wá fi èyí wé wòlíì Èlíṣà. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 3, ọba mẹ́ta tọ̀ ọ́ wá nígbà tí omi tán fún ogun wọn nínú aṣálẹ̀. Inú wòlíì náà ru sí ọba Ísírẹ́lì, kò sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ìbínú sọ̀rọ̀ ní orúkọ Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n mú olórin kan wá fún òun. Bí olórin náà ti ń lu ohun èlò rẹ̀, ọwọ́ Olúwa bà lé e. Kí sì ni Olúwa ní kí wọ́n ṣe? Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí àfonífojì náà. Wọ́n gbẹ́ ẹ, omi sì kún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọkùnrin méjì, orin méjì, òpin méjì. Sọ́ọ̀lù fẹ́ kí orin mú ìrora kúrò, kí ó sì lè máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Èlíṣà fẹ́ kí orin pa ariwo inú òun mọ́, kí ó lè gbọ́ ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú orin. Inú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ni ó wà.

OHÙN TÍ Ó KỌJÁ Ọ̀RỌ̀

Ṣé orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ṣófo ni? Àgọ́sítínì Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Hípò ní àríwá Áfíríkà, ẹni tí ó kú ní 430, dáhùn ìbéèrè yìí nígbà tí ó ń ṣàlàyé àwọn Sáàmù. Ó tọ́ka sí àwọn tí ń kórè àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà. Ó ní wọn a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kọrin. Nígbà tí ayọ̀ bá sì kún inú wọn ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ, wọn a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọn a máa gbé ohùn nìkan. Àgọ́sítínì kò pe èyí ní òfìfo. Ó ní ó yẹ Ọlọ́run, ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kò lè tó láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ayọ̀ nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ní orí 8, pé nígbà tí a kò mọ bí ó ti yẹ kí a gbàdúrà, Ẹ̀mí tìkára rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìkérora tí a kò lè fi ẹnu sọ.

Àwa ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ahọ́n. Àwọn àgbà sì wí pé bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ orin fèrè lásán, ọkàn rẹ̀ a máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Orin náà ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ìwọ ni yóò yan ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ àbùkù tí ọ̀gá rẹ sọ sí ọ kún un, yóò di orin ẹ̀san. Bí o bá fi orúkọ Jésù kún un, yóò di àdúrà.

ÀPẸẸRẸ ỌMỌ ILẸ̀ WA KAN

Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905 tí ó sì kú ní 1987, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aludùùrù tí ó lókìkí jù lọ tí Nàìjíríà tíì ní. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíkì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ó ti kọ́ dùùrù ní Èkó, lọ́dọ̀ Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1944, tí bọ́ǹbù tí kò ní awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já lu ìlú náà, ni ọdún tí ó kọ orin rẹ̀ tí a ń pè ní "African Suite". Ohun èlò olókùn ni a fi ń ta á, kò sí olùkọrin nínú rẹ̀. Ó mú ohùn orin láti inú iṣẹ́ Ephraim Amu ti ilẹ̀ Gánà. Ìpín kan nínú rẹ̀ jẹ́ orin ìrẹmọlẹ́kún. Ìpín tí ó kẹ́yìn wá láti inú orin háíláìfù tí a ń pè ní "Akinla". Ìpín kan sì wà tí ó lọ́ra tí ó sì tutù, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń sọ nípa àárò ilé.

Ẹ rò ó wò. Nínú ìlú tí ogun ti ń sọ ilé di àlàpà, ọmọ Yorùbá kan jókòó, ó sì to orin ìrẹmọlẹ́kún àti orin àárò ilé jọ. Orin náà kò dá bọ́ǹbù kankan dúró. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ariwo ogun kò ní agbára láti gba gbogbo inú ènìyàn. Lónìí, ẹni tí ó wà ní Agége lè gbọ́ ọ lórí fóònù, kí ó sì rí i pé ẹnì kan ti la ìdààmú kọjá ṣáájú òun, tí ìwà pẹ̀lẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ARA ÀTI ÌDÁKẸ́JẸ́

Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2001, Luciano Bernardi, dókítà ará Ítálì, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 23 tí ara wọn le. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n ń ka àdúrà ìkíni sí Màríà Wúńdíá ní èdè Látìnì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á nínú Rósárì, èémí wọn lọ sílẹ̀ dé bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, èyí sì ṣe ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ní àǹfààní. Ní 2006, dókítà yìí kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn 24 gbọ́ oríṣiríṣi orin. Orin tí ó yára mú kí èémí àti ọkàn wọn yára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì sí àárín àwọn orin náà, ohun tí ó sì yà wọ́n lẹ́nu ni pé inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ara àwọn ènìyàn náà ti rọ̀ jù lọ.

Èyí bá ohun tí Èlíjà rí ní orí òkè Hórébù mu. Olúwa kò sí nínú ìjì líle, kò sí nínú ìmìtìtì ilẹ̀, kò sí nínú iná. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ohùn kékeré jẹ́jẹ́ náà dé. Orin dídùn dà bí ẹni tí ó sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ti sìn ín dé ibẹ̀, ó yẹ kí ó padà sẹ́yìn, kí onílé àti àlejò lè rí ara wọn.

Ìjọ Mímọ́ mọ èyí. Àpérò Ńlá Fatikánì Kejì, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìsìn Mímọ́ ní 1963, bu ọlá ńlá fún dùùrù, ó sì gba àwọn ohun èlò orin mìíràn láàyè bí wọ́n bá yẹ fún ìlò mímọ́. Ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní 1967 gbà kí a ta dùùrù nìkan, láìsí olùkọrin, ní ìbẹ̀rẹ̀ Mísà kí àlùfáà tó dé ibi pẹpẹ, ní àkókò ìfọrẹ, ní àkókò Kòmúníọ̀ àti ní ìparí Mísà. Ìlànà kan náà ní kí irú orin bẹ́ẹ̀ dákẹ́ ní àsìkò Lẹ́ńtì àti níbi Mísà fún àwọn òkú. Ìyá ọlọ́gbọ́n ni Ìjọ: ó ń fún wa ní orin, ó sì ń kọ́ wa láti wà láìní in.

ÌKÌLỌ̀ MÉJÌ

Èkíní: ìtura kì í ṣe ìgbàlà. Àgọ́sítínì Mímọ́ yìí kan náà bẹ̀rù kí adùn orin má gba ipò ohun tí a ń kọ orin náà lé lórí. Ẹni tí ó ń lo orin láti sá fún ìyàwó rẹ̀, fún gbèsè rẹ̀, tàbí fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ti jókòó sórí àga Sọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí àìsùn, ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ kò fi sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní láti rí dókítà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Èkejì: a kò fi orin pa ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀. Póòpù Leo Kẹtàlá kọ́ wa ní 1891 pé owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó òṣìṣẹ́ láti fi gbé ayé rẹ̀ bí ọmọlúàbí, Jákọ́bù Àpọ́sítélì sì wí pé owó ọ̀yà tí a kò san ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Kí òṣìṣẹ́ tí a rẹ́ jẹ má ṣe gbàgbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé fèrè dùn létí. Ohun tí ìbàlẹ̀ ọkàn ń ṣe fún un ni pé yóò lè lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó gún, láìsí èébú àti láìsí òkúta lọ́wọ́. Èlíṣà kò tìtorí orin fi òtítọ́ tí ó ti sọ fún ọba sílẹ̀. Àwọn ìyá àti bàbá tí ó gba ènìyàn sí iṣẹ́, tí wọ́n wà láàárín wa, kí ẹ̀yin náà gbọ́: ẹ má ṣe fi orin jẹ́jẹ́ pa ohùn ẹ̀rí-ọkàn yín nígbà tí owó ọmọ iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa gbìyànjú nǹkan mẹ́rin yìí.

1. Nígbà tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, má ṣe kó ìdààmú ojúmọ́ wọ inú ilé ní ẹsẹ̀ kan náà. Wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ààyè kò bá sí nínú yàrá, ìjókòó nínú ọkọ̀ tàbí àga inú ṣọ́ọ̀ṣì tó.

2. Yan orin kan ṣoṣo tí ó lọ́ra, tí kò ní ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí rédíò tàbí fóònù, fi ìmú kùn ún gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ti ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Jẹ́ kí èémí rẹ bá a rìn. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ tàbí tí ó dúró ti ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ di etí rẹ̀.

3. Pa orin náà. Jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Dárúkọ ohun tí ń dùn ọ́ fún Ọlọ́run bí ó ti rí gan-an, kí o sì ka ẹ̀wá kan nínú Rósárì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

4. Gbẹ́ kòtò kan. Èyí ni pé kí o ṣe ohun kan tí ìbàlẹ̀ ọkàn náà fi hàn ọ́: tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí o nà láìnídìí, kọ iye gbèsè rẹ sílẹ̀, lọ rí ẹni tí ẹ jọ ní aáwọ̀, tàbí kí o sùn. Ìwọ gbẹ́ kòtò. Ọlọ́run ni yóò rọ omi sí i.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdọọdún ni a ń ṣe àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́ Òṣìṣẹ́, tí Póòpù Pius Kejìlá dá sílẹ̀ ní 1955. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Jósẹ́fù sọ tí a kọ sínú Ìhìnrere. Síbẹ̀, nínú ìdákẹ́jẹ́ oorun ni ó ti gbọ́ àṣẹ Ọlọ́run. Nígbà tí ó sì jí, ó dìde, ó ṣe é. Kí ó bá wa bẹ Ọmọ tí ó tọ́, kí Ó fún gbogbo òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége ní etí tí ń gbọ́, ọkàn tí ó balẹ̀, àti ọwọ́ tí kì í wúwo lára aláìlágbára. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.